Ta Ló Ni Ìrísí Gìtá Béèsì?

Ní ọdún 1951, ilé iṣẹ́ Leo Fender ní ìlú Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California, gbé gìtá béèsì oníná kan jáde tí wọ́n sọ ní Precision Bass. Kó tó dìgbà náà, béèsì onígi gàgàrà ni àwọn olórin ń ta: ó ga ju ẹni tó ń ta á lọ, kì í wọ mọ́tò bọ̀rọ̀, bí ìlù àti fèrè bá sì gbóná, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Fender kọ́ ló kọ́kọ́ ronú sí ìṣòro yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1936, Paul Tutmarc ti ṣe béèsì oníná tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká ní ìlú Seattle, àmọ́ ọjà náà kò tà, òkìkí rẹ̀ kò sì jìnnà. Ti Fender ló gba ìgboro, òun náà sì ni àwọn oníṣẹ́ yòókù ń wò ṣe títí di òní.

Leo Fender kò mọ gìtá ta rárá. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ojú ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló sì fi wo gìtá: ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé tú, kó ṣeé pààrọ̀, kó sì ṣeé tò padà láìpẹ́. Ara gìtá náà kò ní ihò ńlá nínú bíi ti gìtá àtijọ́. Pákó tó dì ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, tí wọ́n sì gbẹ́ àyè díẹ̀ sínú rẹ̀ fún wáyà. Wọn kò fi àtè lẹ ọrùn mọ́ ara. Skúrù mẹ́rin ni wọ́n fi dè é látẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ kan ló sì wà lábẹ́ skúrù náà kó má bàa jẹ pákó. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan lè máa gé ara, ẹgbẹ́ mìíràn lè máa fá ọrùn, kí àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá so méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn jẹ́ àgbà oníṣọ̀nà. Èyí ló jẹ́ kí Fender lè tà á ní iye tí olórin lásán lè san. Ohun kan náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń wò ó ṣe, torí gìtá tó rọrùn láti ṣe ní Fullerton rọrùn láti ṣe níbikíbi tí igi, ẹ̀rọ àti wáyà bàbà bá wà.

Ìrísí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Precision kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1954 wọ́n fá etí ara rẹ̀ kó má máa gún ẹni tó gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1957 wọ́n yí orí rẹ̀ padà, wọ́n sì pín pickup rẹ̀, ìyẹn òòfà tí wọ́n we wáyà mọ́ láti gba ìró okùn, sí ọ̀nà méjì: ìdajì kan wà lábẹ́ okùn méjì tó nípọn, ìdajì kejì wà lábẹ́ okùn méjì tó kù. Wáyà ìdajì méjèèjì dojú kọ ara wọn, débi pé ariwo iná tó bá wọ ọ̀kan ni ti èkejì ń pa rẹ́. Ní 1960 ni Jazz Bass dé, tí ìbàdí rẹ̀ kò dọ́gba lápá méjèèjì, tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín sí i níbi tó ti pàdé orí, tó sì ní pickup méjì tó dúró gbọọrọ. Okùn gìtá méjèèjì gùn bákan náà, ínǹṣì 34 láti orí dé afárá. Bí a bá yọ àwọ̀ àti àwọn irin kéékèèké kúrò, gìtá méjì yìí kò tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Òfin Amẹ́ríkà fún irú Fender ní ohun ìjà oríṣi méjì, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ni gbogbo ìjà tó tẹ̀ lé e dá lé. Èkíní ni patent, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan tuntun. Òun nìkan ló lè ṣe nǹkan náà, àmọ́ fún ìwọ̀nba ọdún ni. Bí ọdún bá pé, nǹkan náà di ti gbogbo ènìyàn. Leo Fender gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ìrísí Precision ní 1953, èyí tí kì í sì í kọjá ọdún 14 nígbà náà. Ó tún gba òmíràn ní November 1960 lórí ìbàdí tí kò dọ́gba, tiẹ̀ sì jẹ́ ọdún 17. Kí ọdún 1977 tó parí, kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó ṣì ní agbára.

Èkejì ni àmì òwò: orúkọ, àwòrán tàbí ìrísí tí oníbàárà fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni ọjà ti wá. Àmì òwò kì í lọ́jọ́ orí. Bí olówò bá ń lò ó, tó sì ń ṣọ́ ọ, ó lè wà títí ayé. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ilé iṣẹ́ tí patent rẹ̀ ti kú máa ń fẹ́ sọ ìrísí ọjà rẹ̀ di àmì òwò, kí ohun tí òfin ti fún gbogbo ayé lè padà sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn adájọ́ kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Wal-Mart àti Samara Brothers pé ìrísí ọjà kì í dédé jẹ́ àmì òwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ti òun jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àwọn tó ń ra irú ọjà náà ti mọ ìrísí yẹn mọ́ òun nìkan. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń jà lé lórí, kì í ṣe gìtá. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni gbogbo olùṣe gìtá ní láti gbà wọlé láti ìgbà náà wá.

Kí ọ̀rọ̀ tó di báyìí, àwòkọ ti kún ọjà. Ní January 1965, ilé iṣẹ́ CBS ra Fender ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn olórin ti ń ráhùn pé gìtá Fender ń wúwo, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, pé owó rẹ̀ sì ń gòkè. Apá kan nínú ìráhùn náà kò ju ìfẹ́ ohun àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣeé fojú rí: lórí Jazz Bass, wọ́n dín skúrù mẹ́rin tó de ọrùn kù sí mẹ́ta, bí wọn kò bá sì gbẹ́ àyè ọrùn náà dáadáa, ọrùn á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ Japan wọlé. Ibanez, Greco, Fernandes àti Tokai ń ṣe ohun tó jọ Fender, Gibson àti Rickenbacker, wọ́n sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Tokai, ti ìlú Hamamatsu, pe àwòkọ Precision tirẹ̀ ní Hard Puncher, ó sì pe ti Jazz Bass ní Jazz Sound. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ sórí gìtá náà tún jọ ti Fender débi pé ẹni tó bá jókòó lọ́ọ̀ọ́kán níbi òde orin kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe lọ́wọ́ ẹni tó ya lẹ́tà náà.

Ẹjọ́ tó lókìkí jù lọ láti ìgbà náà kò kan Fender, kò sì kan béèsì ní tààrà. Ní ọjọ́ 28 oṣù June 1977, Norlin, ilé iṣẹ́ tó ni Gibson, gbé Elger lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Philadelphia. Elger ló ń kó Ibanez wọ Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn náà kò sọ pé wọ́n jí ara gìtá. Orí gìtá ni Gibson ń jà fún, bí wọ́n ṣe gé òkè rẹ̀ tó fi dà bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Kí ìwé ìpẹ̀jọ́ tó dé, Ibanez ti bẹ̀rẹ̀ sí yí orí gìtá rẹ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1978 wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn láìjẹ́ pé adájọ́ dá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn oníṣòwò gìtá àlòkù ti sọ ọ́ di ìtàn ńlá. Gbogbo àwòkọ tó bá ti Japan wá láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni wọ́n ń pè ní gìtá inú ẹjọ́, títí kan àwòkọ Precision àti Jazz Bass tí ilé ẹjọ́ Philadelphia kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, owó orí rẹ̀ á sì ti gòkè nítorí orúkọ náà. Gìtá ọ̀hún lè dára lóòótọ́. Orúkọ ẹjọ́ tí wọ́n fi ń tà á ni kò sí.

Fender kò gbé àwọn ará Japan lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ara gìtá. Ohun tó ṣe gbọ́n ju ẹjọ́ lọ. Ní 1982, ó dá Fender Japan sílẹ̀ pẹ̀lú Kanda Shokai àti Yamano Gakki. Kanda Shokai yìí ló ni Greco, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe àwòkọ Fender. Ilé iṣẹ́ FujiGen ní ìlú Matsumoto, tó ti ń gbẹ́ gìtá fún Greco àti Ibanez, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọwọ́ tó ń ṣe àwòkọ wá di ọwọ́ tó ń ṣe ojúlówó, Greco sì fi ìrísí Fender sílẹ̀. Fún gìtá tí owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n lo orúkọ Squier, orúkọ ilé iṣẹ́ okùn gìtá kan ní ìlú Battle Creek, ìpínlẹ̀ Michigan, tí Fender ti rà ní 1965 tó sì wà lọ́wọ́ wọn. Báyìí ni Fender ṣe di olùṣe àwòkọ Fender tó gbajúmọ̀ jù lọ lágbàáyé, pẹ̀lú orí tó tọ́, ara tó tọ́, àti orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò lè pè é lẹ́jọ́ lé lórí.

Nígbà tí William Schultz àti àwọn òṣìṣẹ́ kan ra Fender padà lọ́wọ́ CBS ní 1985 ní mílíọ̀nù 12.5 dọ́là, ilé tí wọ́n ti ń ṣe gìtá ní Fullerton kò sí lára ohun tí wọ́n rà. Fún ìgbà díẹ̀, gìtá láti Japan ló gbé Fender ró, kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Corona, ní California níbẹ̀. Bí owó iṣẹ́ ṣe ń gòkè ní Japan, Squier ṣí lọ sí Korea, lẹ́yìn náà sí China àti Indonesia. Àwọn Squier tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Japan, tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà JV, ti wá di ohun tí àwọn tó ń kó gìtá jọ ń wá kiri lówó gọbọi.

Ọdún ń gorí ọdún, àwọn mìíràn ṣì ń ṣe ara Precision láìsí ẹni tó dá wọn dúró. Ní 2003 ni Fender tó yíjú padà. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì àmì òwò ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n forúkọ ìrísí ara gìtá mẹ́ta sílẹ̀ fún òun: ti Stratocaster, ti Telecaster, àti ti Precision Bass. Bí wọ́n bá gbà, ẹ̀tọ́ láti ṣe ara Precision ì bá di ti Fender nìkan, láìní òpin. Olùṣe gìtá 17 dìde tako ìwé náà. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹjọ́ ni Stuart Spector, ọmọ New York kan tó fi béèsì ṣíṣe ṣiṣẹ́ ṣe, tí béèsì NS rẹ̀ ti ọdún 1977, tí Ned Steinberger ya, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn béèsì òde òní tó gbayì jù. Èyí ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe pé àwọn tó tako Fender jẹ́ oníjìbìtì lásán. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe gìtá tí owó rẹ̀ ju ti Fender fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 25 oṣù March 2009 ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àmì òwò dá a. Fender pàdánù lórí gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbìmọ̀ náà wo ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn mìíràn ti fi ń ta ara gìtá kan náà ní gbangba, nínú ìwé ọjà, nínú ìwé ìròyìn orin, lójú Fender. Wọ́n wo ìpolówó Fender fúnra rẹ̀, wọn kò sì rí i pé ó ń sọ fún oníbàárà pé ìrísí ara yìí ni kí ẹ máa fi dá wa mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ rí i pé ìwé atúmọ̀ èdè kan ya àwòrán Stratocaster síbi tó ti ń ṣàlàyé gìtá oníná, bí ẹni pé gbogbo gìtá oníná ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè ti fi ṣàpẹẹrẹ fún gbogbo ayé kò lè tún jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Fender ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ kí ọjà sọ ìrísí náà di tirẹ̀, ìgbà tí igi ti wó ni wọ́n tó ń wá àáké.

Ohun kan ṣì kù lọ́wọ́ Fender, ìyẹn ni orí gìtá. Orí Fender jẹ́ àmì òwò tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ tó wà lára rẹ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òfin dúró sí, kó gbé Precision sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòkọ olówó pọ́ọ́kú kan, irú Harley Benton tí ilé ìtajà Thomann ń tà láti Jámánì. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀, ojú lè má rí ìyàtọ̀: ìbàdí kan náà, ìwo méjì kan náà, ike tí wọ́n bò mọ́ ọn lójú ní ìrísí kan náà, bọ́tìnì méjì níbi kan náà. Ní orí ni nǹkan ti yàtọ̀. Ti Fender ní èèkàn mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí okùn, tí wọ́n to sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ wọ́ lọ sókè, ó sì parí sí kókó roboto kan tó yọ síta. Àwòkọ tún ní èèkàn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ wọ́n ti gé kókó náà dànù, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ṣóńṣó, tàbí kí wọ́n fá ihò kékeré sí i. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá. Lọ́yà ni wọ́n ń sá fún. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọrùn fún àtúnṣe, irú Warmoth, a máa gba àṣẹ lọ́wọ́ Fender kí wọ́n tó lè ta èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ti Fender gan-an.

Rickenbacker gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. F. C. Hall, tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 1953, ti bá Fender ta gìtá rí, ó sì mọ ọjà náà dunjú. Ní 1957 ni ará Jámánì kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, Roger Rossmeisl, ya béèsì 4000, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbì òkun tó fẹ́ fọ́ sétí omi. Béèsì 4001 tẹ̀ lé e ní 1961. Paul McCartney ta á, Chris Squire ta á, Geddy Lee àti Lemmy náà ta á, gbogbo ọ̀dọ́ tó bá sì rí wọn lórí ìtàgé ló ń fẹ́ ẹ. Àwọn ará Japan ṣe àwòkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ibi tí àwòkọ náà ti sábà máa ń tú ara rẹ̀ fó ni ọrùn. Lára ojúlówó, igi ọrùn gba àárín ara kọjá láti orí dé ìdí, wọ́n sì lẹ ìyẹ́ méjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tó ń jẹ igi, tó sì ń jẹ àkókò ni. Ọ̀pọ̀ àwòkọ fi skúrù de ọrùn bíi ti Fender, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó.

John Hall, ọmọ F. C. Hall, ló gba àkóso ní 1984, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Rickenbacker forúkọ ìrísí ara béèsì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, wọ́n forúkọ orí rẹ̀ sílẹ̀, kódà ìdérí kékeré tó bo irin inú ọrùn ní àmì tirẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Ìṣọ́ ló jẹ́ kó dúró. Bí ẹnì kan bá gbé àwòkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tà, kì í pẹ́ tí Rickenbacker fi máa kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, títí kan àwòkọ Japan àlòkù tí olórin kan ti ń lò láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń ta béèsì kórìíra ìwà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pè é ní ìwọra. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fender ní 2009 kò lè sọ pé Rickenbacker kò mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí kò ṣe ni èyí tí Fender ṣe: kò ní Squier tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Santa Ana, California, nìkan ni gbogbo gìtá rẹ̀ ti ń jáde, kò sì sí èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn. Ọmọ ilé ìwé tó bá fẹ́ ìrísí náà kò ní ibì kan tí òfin gbà tó lè yà sí. Níbi tí Rickenbacker dé yìí, ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oníjìbìtì láti kún.

Ti Höfner kò ní wàhálà púpọ̀. Béèsì 500/1 tí Walter Höfner ya ní nǹkan bí 1955, èyí tí McCartney rà ní Hamburg ní 1961, jọ fáólìn, fáólìn sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Höfner. Gibson pàápàá ti ṣe béèsì tó jọ fáólìn ní 1953. Ẹni tó yá ìrísí lọ́wọ́ gbogbo ayé kò lè fi bẹ́ẹ̀ jẹ ayé níyà pé wọ́n yá a lọ́wọ́ òun. Höfner ń ta èyí tó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ignition. Music Man náà, tí Leo Fender bá wọn ya StingRay ní 1976 lẹ́yìn tó ti kúrò ní Fender, fúnni ní àṣẹ láti ṣe èyí tó pọ́ọ́kú tí wọ́n pè ní OLP, kó tó gbé orúkọ Sterling dìde.

Gibson ló ń jà jù, èrè rẹ̀ kò sì dúró lójú kan. Ó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ Paul Reed Smith dúró lórí gìtá kan tó jọ Les Paul ti Gibson, ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ gbè é, àmọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 2005. Kò sẹ́ni tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí yóò ra Paul Reed Smith kó rò pé Gibson ni òun rà, Gibson pàápàá kò sì jiyàn ìyẹn. Ní Yúróòpù, Hans-Peter Wilfer, tó dá ilé iṣẹ́ béèsì Warwick sílẹ̀ ní Jámánì, tako àmì òwò tí Gibson gbà lórí ìrísí gìtá Flying V rẹ̀. Ní June 2019, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá Wilfer láre pé ìrísí náà kò yàtọ̀ tó láti jẹ́ àmì òwò. Ẹni tó bá mọ béèsì lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí, torí Warwick Streamer àti béèsì Stuart Spector jọra bí ọmọ ìyá kan náà. Ní Texas, ní May 2022, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ gbè Gibson nínú ẹjọ́ lórí ìrísí gìtá tó pe ilé iṣẹ́ Armadillo, tó ni orúkọ gìtá Dean. Ní 2024 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, torí adájọ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀rí àtijọ́ tó fi hàn pé àwọn mìíràn ti ń lo ìrísí náà tipẹ́. Ẹ̀rí kan náà ló ṣẹ́gun Fender. Nínú irú ẹjọ́ yìí, ìwé ọjà àtijọ́ tó ti pọ́n lè ṣe ohun tí agbẹjọ́rò mẹ́wàá kò lè ṣe.

Kí ló wá yàtọ̀ nínú gìtá fúnra rẹ̀? Ara Fender ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ igi alder tàbí ash. Ti olówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ poplar tàbí basswood, àwọn kan ní àtijọ́ sì jẹ́ plywood tí wọ́n fi ọ̀dà tó nípọn bò. Òòfà tó wà nínú pickup olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ ti ceramic, èyí tí ohùn rẹ̀ le díẹ̀ létí. Ibi tí ọwọ́ ti ń rí i kíákíá ni etí ọrùn. Bí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ fa etí ọrùn gìtá tí wọn kò parí iṣẹ́ rẹ̀, orí àwọn irin fret á máa ha á lọ́wọ́, torí pé ọwọ́ ènìyàn ló ń fá irin wọ̀nyẹn kúnná, àkókò sì lowó. Àmọ́ ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ti ń gé ara àti ọrùn ní Indonesia lọ́nà kan náà tó ń gé e ní California, àlàfo náà sì ti dín kù gidigidi. Ọ̀pọ̀ àwòkọ òde òní dára ju Fender mìíràn tí CBS ṣe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ń bí àwọn tó ra ti CBS lówó iyebíye nínú.

Ohun tó yẹ kí olùrà sá fún ni ayédèrú, èyí tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àwòkọ. Àwòkọ gbé orúkọ tirẹ̀ sórí; ayédèrú gbé orúkọ ẹlòmíràn. Àwọn kan ń yọ orúkọ Squier kúrò, wọ́n sì ń lẹ orúkọ Fender síbẹ̀ pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún àtúnṣe. Òmíràn á fi ọrùn Fender gidi sórí ara tí kò ní orúkọ. Kí ẹni tó bá ń ra béèsì àlòkù ní kí wọ́n tú skúrù mẹ́rin ẹ̀yìn níwájú òun, kí ó wo ìdí ọrùn àti inú àyè rẹ̀ bóyá déètì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ bá nọ́ńbà orí mu. Bí olùtà bá kọ̀ láti tú u, kí ó fi gìtá náà sílẹ̀ fún un. Àwòkọ tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, kì í ṣe ohun ìtìjú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin kò sì ní ẹjọ́ kankan bá ẹni tó ń ta á, bí kò bá ti gbé ìrísí tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.